Rìmóòtù ti pa á, mítà ṣì ń kà á: Bí ẹ ṣe lè wọn iná tí ohun èlò ilé ń jẹ nígbà tí ẹ kò lò ó

Gbogbo ilé ti sùn. Wọ́n ti pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ti pa gílóòbù, kò sẹ́ni tó ń lọ aṣọ. Síbẹ̀, ẹni tó bá wo iye yúníìtì tó kù lórí mítà lálẹ́ máa rí i láàárọ̀ pé ó ti dín. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á ní mítà ló ń sáré. Àwọn kan á ní aládùúgbò ló fa wáyà. Bàbá ilé á sì kọjú sí ọmọ tó fi ṣájà fóònù sílẹ̀ lára ògiri.

Ó lè jẹ́ mítà lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ aládùúgbò. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó gba ọ́fíìsì iléeṣẹ́ iná lọ, tàbí kó bá ayálégbé ẹgbẹ́ rẹ̀ fa ọ̀rọ̀, ohun kan wà tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe: kó wọn iná tí àwọn ohun èlò inú ilé ń jẹ nígbà tí wọ́n wà ní pípa. Kò dìgbà tí èèyàn bá kọ́ṣẹ́ iná, kò sì gba kí ẹ tú ohunkóhun. Mítà yín, fóònù tó ní aago, bébà àti bírò ti tó.

Kí ni wọ́n ń pè ní standby?

Tí ẹ bá fi rìmóòtù pa tẹlifíṣọ̀n, àwòrán ló lọ, ohùn ló lọ. Tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ kò sùn tán. Apá kan nínú rẹ̀ ṣì ń dúró de ìgbà tí ẹ máa tún tẹ rìmóòtù. Ẹ fi wé ọlọ́dẹ tó jókòó sẹ́nu géètì. Ilé ti sùn, òun ò gbọdọ̀ sùn, torí tó bá sùn, kò ní gbọ́ nígbà tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn. Ọlọ́dẹ á jẹun, á sì gbowó oṣù. Bẹ́ẹ̀ náà ni apá tó ń dúró de rìmóòtù ń jẹ iná, ẹ̀yin lẹ sì ń sanwó rẹ̀. Ipò àìsùn-tán yìí ni wọ́n ń pè ní standby.

Ohun tó ń fà á ju rìmóòtù nìkan lọ. Makirowéèfù ní aago tó ń tàn lójú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Dikódà ń bá sátẹ́láìtì tàbí íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀ kó lè gba ètò tuntun. Tẹlifíṣọ̀n ìgbàlódé náà ń dúró de Wi-Fi. Àwọn ohun èlò míì sì wà tó jẹ́ pé súwíìṣì wọn kò gé iná kúrò lójú ọ̀nà rárá: iná ti wọnú tíránsífọ́mà wọn kó tó dé ibi súwíìṣì. Sítábíláísà àti àwọn adápítọ̀ àtijọ́ tó wúwo wà lára irú èyí. Tí ẹ bá fọwọ́ kan irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lò ó, tó sì lọ́wọ́ọ́rọ́, iná ló ń jẹ. Ooru yẹn kò ṣàdédé wá.

Àmọ́ ẹ má fi iná pupa kékeré ojú ẹ̀rọ díwọ̀n ohunkóhun. Àmì lásán ni, òun fúnra rẹ̀ kì í jẹ tó nǹkan. Ẹ̀rọ kan lè ní iná pupa tó ń tàn yòò kó má jẹ tó wáàtì kan. Òmíràn lè má ní iná kankan lójú kó sì máa jẹ wáàtì mẹ́wàá. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀, àfi kéèyàn wọ̀n ọ́n.

Wáàtì yàtọ̀ sí yúníìtì

Kí ìwọ̀n náà tó lè yé èèyàn, ó yẹ kó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ méjì yìí. Wáàtì ń sọ bí ohun èlò ṣe ń fa iná sí lójú ẹsẹ̀. Yúníìtì ni àpapọ̀ ohun tó ti fà láàárín àkókò kan, òun lẹ sì ń fowó rà. Bíi ti omi ẹ̀rọ ni: wáàtì ni bí omi ṣe ń yára jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, yúníìtì ni iye garawa tó ti kún. Ẹnu ẹ̀rọ tí wọn ò dé dáadáa, tó ń kán tó-tó-tó láti alẹ́ di àárọ̀, lè kún garawa kan láìsí pé ẹnikẹ́ni gbọ́ ariwo rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Yúníìtì kan ni wáàtì 1,000 tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan. Áyọ́ọ̀nù oní-wáàtì 1,000, tó bá gbóná fún wákàtí kan láìdáwọ́ dúró, máa jẹ yúníìtì kan. Ohun èlò tó ń jẹ wáàtì 10 náà máa jẹ yúníìtì kan, ṣùgbọ́n ó máa lo wákàtí 100 kó tó jẹ ẹ́ tán. Ìṣirò rẹ̀ rèé:

Wáàtì × iye wákàtí ÷ 1,000 = yúníìtì.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ iye yúníìtì yẹn di ìlọ́po iye owó tí ẹ ń ra ẹyọ kan. Owó yìí kò dọ́gba kárí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC gbé owó àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí ó yẹ kí wọ́n máa rí iná ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, sí ₦225 fún yúníìtì kan. Láti ìgbà náà ni iye yẹn ti ń yí padà, ti àwọn Band yòókù sì yàtọ̀. Ẹ wo rìsíìtì tí ẹ fi ra iná kẹ́yìn, iye tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ lò. Nínú àlàyé yìí, ₦200 la máa fi ṣe àpẹẹrẹ kí ìṣirò lè rọrùn.

Ọ̀nà àkọ́kọ́: ẹ ka iná tó ń bù yẹ̀rì lára mítà

Púpọ̀ nínú mítà alásansílẹ̀ ló ní iná kékeré kan tó ń bù yẹ̀rì, tó tún ń pa. Bí ilé bá ṣe ń fa iná sí ni iná yẹn ṣe máa ń yára sí. Ẹ wo ara mítà náà dáadáa, ẹ máa rí ohun tí wọ́n kọ bíi «1000 imp/kWh». Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tí iná náà bá ti bù yẹ̀rì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́nà ọgọ́rùn-ún, yúníìtì kan ti lọ. Àwọn mítà kan wà tó jẹ́ 1600 tàbí 3200, torí náà kí ẹ rí nọ́ńbà tiyín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Tó bá jẹ́ 1000 ni, ẹ fi iye ìṣẹ́jú àáyá tó wà láàárín yẹ̀rì kan sí èkejì pín 3,600. Ohun tó bá jáde ni wáàtì. Tó bá jẹ́ 1600, 2,250 ni kí ẹ pín. Tó bá jẹ́ 3200, 1,125 ni.

Ìgbésẹ̀ tí ẹ máa tẹ̀ lé rèé:

1. Ẹ yan àkókò tí iná dúró dáadáa, tí kò máa lọ tó máa bọ̀. Ẹ yọ gbogbo ohun èlò kúrò lára ògiri, títí kan firíìjì. Firíìjì tí wọn ò bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ lè mú oúnjẹ tutù fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin, nítorí náà kò séwu tí iṣẹ́ náà bá yá.

2. Ẹ tan gílóòbù kan ṣoṣo. Ẹ dúró de ìgbà tí mítà máa bù yẹ̀rì, kí ẹ sì tẹ aago fóònù lójú ẹsẹ̀. Yẹ̀rì tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ yìí kò sí nínú kíkà, òdo ni. Ẹ wá ka mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ tẹ aago kó dúró. Ẹ kọ iye ìṣẹ́jú àáyá náà sílẹ̀.

3. Ẹ ki ohun èlò kan ṣoṣo mọ́ ògiri, bíi dikódà. Ẹ tàn án, kí ẹ sì fi rìmóòtù pa á bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ẹ ní sùúrù fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, torí àwọn ohun èlò kan kì í rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá pa wọ́n.

4. Gílóòbù ṣì wà ní títàn. Ẹ tún ka yẹ̀rì mẹ́wàá, kí ẹ sì kọ àkókò rẹ̀ sílẹ̀.

5. Ẹ yọ dikódà, kí ẹ tún wọn gílóòbù nìkan lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí àkókò rẹ̀ bá ti yàtọ̀ gan-an sí ti àkọ́kọ́, agbára iná ló ti lọ sókè tàbí sílẹ̀ láàárín méjì. Ẹ tún un ṣe nígbà tí iná bá dúró.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Mítà jẹ́ 1000. Pẹ̀lú gílóòbù nìkan, yẹ̀rì mẹ́wàá gba ìṣẹ́jú àáyá 600, ìyẹn 60 fún ẹyọ kan. 3,600 ÷ 60 jẹ́ wáàtì 60. Nígbà tí dikódà wọlé, yẹ̀rì mẹ́wàá gba 500, ìyẹn 50 fún ẹyọ kan. 3,600 ÷ 50 jẹ́ wáàtì 72. Ẹ yọ 60 kúrò nínú 72. Wáàtì 12 ni dikódà náà ń jẹ nígbà tó wà ní pípa.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni gílóòbù ń ṣe níbẹ̀. Ìdí ni pé mítà kì í sábà ka iná tó bá kéré jù. Wọ́n ṣe é kó bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ìwọ̀n kan lọ, ìwọ̀n yẹn sì lè tó wáàtì díẹ̀. Tí ẹ bá ki ṣájà kan ṣoṣo mọ́ ògiri, mítà lè má mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí gílóòbù bá ti ń mú mítà ṣiṣẹ́, ohun tí ẹ bá fi kún un máa hàn. Ìdí kejì ni ti àkókò: ohun èlò oní-wáàtì 12 nìkan máa mú kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí mítà tó bù yẹ̀rì lẹ́ẹ̀kan.

Ṣé mítà ló ń sáré ni, àbí inú ilé ni iná ń gbà lọ?

Ọ̀nà yìí kan náà lè yanjú ẹ̀sùn tí wọ́n sábà máa ń fi kan mítà. Ẹ lọ sí bíréékà àgbà tó gé gbogbo ilé kúrò lára iná, kí ẹ pa á. Kí ẹ wá dúró ti mítà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Tí mítà bá ṣì ń bù yẹ̀rì pẹ̀lú bíréékà àgbà ní pípa, iná ń gba ibòmíràn kọjá láàárín mítà àti bíréékà, tàbí kí mítà fúnra rẹ̀ ní àléébù. Ẹjọ́ iléeṣẹ́ iná nìyẹn. Ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀, kí bíréékà tó wà ní pípa àti mítà tó ń bù yẹ̀rì hàn nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi kọ ìwé ẹ̀sùn. Tó bá dáwọ́ dúró, a jẹ́ pé inú ilé yín ni iná náà ń gbà lọ. Ẹ tan bíréékà padà, kí ẹ máa ki ohun èlò bọ ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ máa fi rí èyí tó ń jẹ ẹ́.

Ẹ rántí pé lára ọ̀pọ̀ mítà, tí kò bá sí ohunkóhun tó ń fa iná, iná kékeré náà lè dúró gbọn-in láì pa. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ó ń ka nǹkan. Yẹ̀rì ló ń kà.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí mítà, kó fọ èdìdì rẹ̀, tàbí kó fọwọ́ kan wáyà tó wọnú rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin, ó sì lè gba ẹ̀mí èèyàn. Wíwò ni gbogbo ohun tí a ń sọ níbí.

Tí mítà bá wà lórí òpó ńkọ́?

Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, orí òpó ni wọ́n gbé mítà sí, ohun tó wà nínú ilé kò ju ibi tí wọ́n ń tẹ nọ́ńbà sí lọ. Kò sí bí ẹ ṣe máa rí iná tó ń bù yẹ̀rì. Ẹ lo iye yúníìtì tó kù dípò rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ń fi nọ́ńbà méjì hàn lẹ́yìn àmì ìdá, bíi 45.60.

Ẹ yọ firíìjì àti gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ẹ fi àwọn tó wà ní standby nìkan sílẹ̀. Ẹ ka mítà, kí ẹ kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, ẹ tún kà á. Tó bá kúrò ní 45.60 tó di 45.51, yúníìtì 0.09 ló lọ. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1,000, ó di 90. Ẹ fi wákàtí 3 pín in. Wáàtì 30 ni gbogbo ohun tó wà ní standby nínú ilé yẹn ń jẹ lápapọ̀. Ọ̀nà yìí kò ní sọ ẹni tó jẹ èwo fún yín, àmọ́ ó máa sọ bóyá ọ̀rọ̀ náà tó ohun tí èèyàn ń tọpinpin.

Ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì ṣe fún un

Àwọn tó ń ta ohun èlò iná ní ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n máa ń ki bọ súkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n tó wá ki ohun èlò bọ òun náà. Ó máa kọ wáàtì síta, ó sì máa ka àpapọ̀ yúníìtì fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ rí i pé ti 230 volt tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta onígun mẹ́rin bíi ti ilé wa ni. Tí ará ilé bá fi irú èyí tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà ránṣẹ́, 120 volt ni wọ́n ṣe é fún, ẹ má kì í bọ ògiri. Ẹ sì mọ̀ pé àwọn olówó pọ́ọ́kú nínú wọn kì í ríran dáadáa tí iná bá ti kéré sí wáàtì kan tàbí méjì.

Àwọn oníṣẹ́ iná tún ní mítà alágbàámú tí wọ́n máa ń fi gbá wáyà mú. Iṣẹ́ ńlá ni ìyẹn dára fún, bíi ẹ̀rọ amúlétutù tàbí ẹ̀rọ tó ń fa omi. Fún standby, ó lè ṣini lọ́nà. Tí wọ́n bá kàn sọ volt di ìlọ́po amp, ohun tó máa jáde lè fi ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju wáàtì gidi lọ, torí bí iná ṣe ń gba inú adápítọ̀ àti tíránsífọ́mà kì í bá volt rìn ní déédéé. Wáàtì gidi ni mítà ilé máa ń kà.

Àwọn wo gan-an ló ń jẹ iná?

Iléeṣẹ́ ìwádìí Lawrence Berkeley ní ìpínlẹ̀ California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ti wọn ọ̀pọ̀ ohun èlò ilé. Àbájáde wọn máa ya àwọn òbí tó ń bá ọmọ jà nítorí ṣájà lẹ́nu. Ṣájà fóònù tó wà lára ògiri láìsí fóònù ní ìdí rẹ̀ ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 0.26 péré. Makirowéèfù tí kò ṣe nǹkan kan ń jẹ bíi wáàtì 3. Ṣùgbọ́n dikódà kébù tí wọ́n fi rìmóòtù pa ń jẹ bíi wáàtì 17, èyí tó sì ń ká ètò sílẹ̀ ń jẹ ju wáàtì 40 lọ. Ohun èlò àtijọ́ wà lára àwọn tí wọ́n wọ̀n yẹn, tiyín lè kéré tàbí kó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín ṣájà àti dikódà ni kí ẹ mú dání.

Iléeṣẹ́ náà sọ pé láwọn orílẹ̀-èdè tó ti gòkè àgbà, standby máa ń kó ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún iná tí ilé ń lò.

Ẹ wá jẹ́ ká mú ilé kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ká ní lẹ́yìn tí wọ́n wọn tiwọn tán, ohun tí wọ́n rí nìyí: dikódà wáàtì 12, sítábíláísà 8, ẹ̀rọ orin ńlá pálọ̀ 6, makirowéèfù 3, tẹlifíṣọ̀n 1, ṣájà méjì pa pọ̀ 0.5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wáàtì 30.5. Ká ní àwọn ohun èlò náà wà ní standby fún wákàtí 15 lójúmọ́, ìyẹn wákàtí 450 lóṣù. Wọ́n máa jẹ yúníìtì 13.7, tó jẹ́ bíi ₦2,745 lóṣù, tàbí nǹkan bíi ₦33,000 lọ́dún.

Nínú owó yẹn, ti ṣájà méjèèjì kò ju ₦45 lọ lóṣù. Dikódà, sítábíláísà àti ẹ̀rọ orin nìkan ló kó ₦2,340. Ẹni tó bá ń pariwo lórí ṣájà nílé yẹn, ibi tí kò tọ́ ló ń wò.

Ẹ má sì sọ ọ́ di ńlá ju bó ṣe yẹ lọ. Yúníìtì 13.7 kò ju áyọ́ọ̀nù oní-wáàtì 1,000 tó gbóná fún bíi wákàtí mẹ́rìnlá lọ. Tí yúníìtì 50 bá ń tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta, standby kọ́. Firíìjì tí rọ́bà ẹnu rẹ̀ ti já, ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ̀rọ tó ń se omi gbóná tàbí sítóòfù iná ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Ilé tí gbogbo ayálégbé ń lo mítà kan

Ibí ni ìwọ̀n yìí ti wúlò jù lọ, torí kì í ṣe owó nìkan ló ń bá a lọ, àlàáfíà ilé náà wà níbẹ̀. Ẹni tí kì í sí nílé lọ́sàn-án á ní òun ò lè dá iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó wà nílé. Ẹni tó wà nílé á ní dikódà ẹni tó jáde kò kúrò lára ògiri. Àwọn méjèèjì lè jàre.

Kí gbogbo yàrá fẹnu kò sí ọjọ́ kan. Kí wọ́n pa gbogbo yàrá, kí wọ́n fi gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan sílẹ̀, kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Kí yàrá kọ̀ọ̀kan wá tan bíréékà tirẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohun èlò rẹ̀ ní ipò tó máa ń wà tí ẹni tó ni ín bá jáde. Kí èèyàn méjì máa ka yẹ̀rì pa pọ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbi tí gbogbo ojú ti máa rí i. Yàrá tó bá jẹ́ wáàtì 20 ní ipò yẹn, tí iná sì wà fún wákàtí 600 lóṣù, ti jẹ yúníìtì 12 láìfọwọ́ kan nǹkan kan. ₦2,400 nìyẹn. Yàrá tó jẹ́ wáàtì 1 kò jẹ ju ₦120 lọ. Nígbà tí nọ́ńbà bá ti wà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní láti pe ẹnikẹ́ni ní olè.

Ẹni tó ń lo ínfátà ńkọ́?

Lọ́dọ̀ ẹni tó ní ínfátà, standby kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan, òun ló ń pinnu bóyá fáànù máa ṣiṣẹ́ di òwúrọ̀. Bátìrì oní-volt 12 tó jẹ́ 200 amp-hour ń gbé wáàtì 2,400 fún wákàtí kan. Tó bá jẹ́ bátìrì olómi tàbí jẹ́ẹ̀lì, wọ́n máa ń gbani nímọ̀ràn pé kí èèyàn má lò ju ìdajì rẹ̀ lọ kó má bàa tètè kú. Ìdajì náà jẹ́ 1,200. Ohun èlò ilé àpẹẹrẹ wa, oní-wáàtì 30, láàárín wákàtí 10 lóru, máa jẹ 300 nínú rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin nìyẹn. Fáànù oní-wáàtì 50 ì bá fi ìyẹn ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́fà.

Ọdún tí wọ́n ṣe é ṣe pàtàkì

Ní ọdún 1999, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára, IEA, gbé ètò kan jáde pé kí àwọn orílẹ̀-èdè mú kí standby ohun èlò kọ̀ọ̀kan má ju wáàtì kan lọ. Alan Meier, onímọ̀ ní Lawrence Berkeley, ló dábàá rẹ̀. Ààrẹ George W. Bush pàṣẹ ní ọdún 2001 pé kí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà máa ra ohun èlò tí kò ju wáàtì kan lọ. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù sọ ọ́ dòfin: láti ọdún 2010, wáàtì kan fún ọ̀pọ̀ ohun èlò ilé, tí wọ́n sì tún dín in kù sí ìdajì wáàtì ní ọdún 2013. Nígbà náà, àwọn tó ń fi aago tàbí nọ́ńbà hàn lójú ní ìlọ́po méjì rẹ̀. Àwọn tó ń dúró de íntánẹ́ẹ̀tì ní òfin tiwọn lọ́tọ̀.

Èyí kan ẹni tó ń ra tòkunbọ̀. Tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ṣe fún ọjà Yúróòpù lẹ́yìn ọdún 2013 kò yẹ kó jẹ tó wáàtì kan ní standby. Èyí tí wọ́n ṣe kí òfin tó dé lè jẹ ìlọ́po rẹ̀ lọ́nà púpọ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ọdún tí wọ́n ṣe é sábà máa ń wà níbẹ̀.

Kí ni kí ẹ pa, kí sì ni kí ẹ fi sílẹ̀?

- Ẹ pa sítábíláísà, ẹ̀rọ orin àti tẹlifíṣọ̀n ní súwíìṣì ògiri tí ẹ bá fẹ́ sùn tàbí jáde. Ọ̀pọ̀ súkẹ́ẹ̀tì ilé wa ló ní súwíìṣì tirẹ̀, kò sídìí láti máa fa wáyà yọ.
- Tí gbogbo wọn bá wà lórí ẹsiténṣàn kan, súwíìṣì kan ti tó fún gbogbo wọn.
- Dikódà náà ṣeé pa, àmọ́ ó máa pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣí padà. Ẹ má pa á nígbà tó bá ń gba ètò tuntun.
- Ẹ fi firíìjì sílẹ̀. Iṣẹ́ ló ń ṣe, kì í ṣe standby. Ẹ fi ohun èlò ìtọ́jú aláìsàn àti ti ààbò ilé sílẹ̀ pẹ̀lú.
- Ṣájà kò náni ní nǹkan kan tó tó owó. Tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ yọ ọ́ nítorí ààbò, pàápàá ṣájà ayédèrú tó bá ń gbóná.

Èrè míì tún wà nínú pípa nǹkan ní ògiri. Nígbà tí iná bá lọ tó sì padà dé pẹ̀lú agbára tó ju bó ṣe yẹ lọ, ohun tó wà ní standby wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ohun tí súwíìṣì ògiri ti gé kúrò kò sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa àwọn tó ń jẹ iná jù, ẹ tún mítà wọ̀n lálẹ́ ọjọ́ kan. Tí nọ́ńbà kejì bá kéré sí ti àkọ́kọ́, ẹ ti rí ibi tí iná yín ń gbà lọ. Tí kò bá yàtọ̀, ẹ gbé bébà yín, kí ẹ máa lọ sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ iná. Ẹ ti ní ohun tí ẹ máa fi hàn wọ́n.